Ọgbà Villandry ní ilẹ̀ Faransé: mo fẹ́ mú Mọ́mì lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbẹ̀kẹ́_Ẹ̀gbá

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Mọ́mì mi ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta wá kí mi ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún yìí. Ẹnì kan ló fi fọ́tò ilé ńlá kan ní ilẹ̀ Faransé ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, wọ́n gbin kábéèjì àti bítírúùtù síwájú ilé náà bí ìgbà téèyàn kó iṣẹ́ ọnà sára aṣọ, láti ọjọ́ yẹn wọn ò jẹ́ kí n gbádùn mọ́, wọ́n ní dandan àwọn gbọ́dọ̀ débẹ̀. Mo wádìí, Villandry ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Oṣù kẹfà ni mo ní lọ́kàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, ṣé ó tó nǹkan tá a torí ẹ̀ ń wọkọ̀ lọ? Ọjọ́ mélòó ló yẹ ká lò? Orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu o, kì í ṣe gbogbo àtẹ̀gùn ni wọ́n lè gùn. Ẹ tún bá mi sọ ìtàn ilé náà díẹ̀, torí Mọ́mì á bi mí, tí mi ò bá sì lè dáhùn wọ́n á ní kí wá ni ìwé tí mo kà wúlò fún.

Ẹ̀gbọ́n_Tours

Àbẹ̀kẹ́, kú iṣẹ́ o. Ìlú Tours ní Faransé ni mò ń gbé, Villandry ò ju nǹkan bíi kìlómítà 15 lọ sọ́dọ̀ wa, gbogbo àlejò tó bá ti yà sílé mi ni mo máa ń wà lọ síbẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀, ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ oṣù kẹfà yẹn torí ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ọgbà ẹ̀fọ́ tí Mọ́mì rí nínú fọ́tò yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń gbìn ín. Wọ́n á gbin tàkọ́kọ́ ní oṣù kẹta, á wà nílẹ̀ títí wọ oṣù kẹfà, wọ́n á wá hú gbogbo ẹ̀ dànù, wọ́n á gbin òmíì tó máa wà títí di oṣù kọkànlá. Tẹ́ ẹ bá lọ bọ́ sáàárín ìgbà tí wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀ yẹn, erùpẹ̀ àti ewé wẹ́wẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí lẹ máa bá láwọn apá ibì kan, Mọ́mì á sì ní irọ́ ni wọ́n pa fún àwọn. Ẹ lọ ní oṣù karùn-ún, tàbí kẹ́ ẹ ní sùúrù di ìparí oṣù keje. Tó bá jẹ́ tèmi, oṣù kẹsàn-án ni. Elégédé ti pọ́n nígbà yẹn, kábéèjì elésè àlùkò ti tóbi dáadáa, oòrùn ò sì ní máa jó wọn lórí.

Láńre_ÒSùn

Ẹ dúró ná. Kábéèjì? Ẹ máa san owó tréènì Eurostar lọ wo KÁBÉÈJÌ? Ẹ̀yìnkùlé àǹtí mi ní Mowe ńkọ́, ọ̀fẹ́ nìyẹn o, wọ́n á tún bù ú fún yín ẹ máa gbé e lọ sílé 😂😂

Ìyá_Ìbejì_Lewisham

Láńre o ò tíì rí i ni jàre. Èmi náà fi ṣẹ̀fẹ̀ kí n tó débẹ̀, ọkọ mi ló fẹ́ lọ, mo ní kó máa mú àwọn ọmọ lọ kémi lọ sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ọgbà ẹ̀fọ́ yẹn, wọ́n pín in sí ojú mẹ́sàn-án, gbogbo ẹ̀ dọ́gba, àmọ́ bátánì inú ọ̀kan ò jọ ti èkejì. Fláwà kúkúrú ni wọ́n fi ṣe ààlà, kò ga rárá, wọ́n wá gé orí ẹ̀ pẹrẹsẹ débi pé tó o bá gbé kọ́ọ̀pù tíì lé e kò ní dà. Inú ààlà yẹn ni ẹ̀fọ́ wà, ìlà kan ewé ẹ̀ máa búlúù bíi kó dúdú, ìlà tó tẹ̀ lé e kárọ́ọ̀tì ni, ewé ẹ̀ ṣe wúruwùru, ti ẹ̀yìn ẹ̀ bítírúùtù, pupa rẹ́súrẹ́sú, gbogbo ẹ̀ wá ń lọ ní ìpẹ̀kun sí ìpẹ̀kun, kòríko kan báyìí o ò ní rí i láàárín ẹ̀. Láwọn ìkòríta ẹ̀ omi ń tú jáde láti fọ́ńtéènì kéékèèké, ibi ìjókòó wà níbẹ̀ tí wọ́n fi igi ṣe bí àtíbàbà. Igi ròósì tún dá dúró gbọnrangandan káàkiri inú ẹ̀fọ́, wọ́n ní àwọn mọ́ǹkì ayé àtijọ́, ìyẹn àwọn ẹlẹ́sìn Kátólíìkì tó ń dá gbé, ló dúró fún, bí wọ́n ṣe ń ro oko ẹ̀fọ́ wọn. Àwọn ìbejì ń sáré ka elégédé, ni mo bá jókòó, mi ò mọ̀gbà tí ọ̀sán pọ́n.

Àbẹ̀kẹ́, ti orúnkún Mọ́mì, màá padà wá sọ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́_Ẹ̀gbá

Ẹ ṣé gan-an mà. Ẹ̀gbọ́n Tours, ẹ ṣé sà, mi ò mọ̀ pé wọ́n ń hú u láàárín ọdún rárá, mi ò bá ti lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì oṣù kẹfà. Ìtàn ilé ńkọ́? Ta ló kọ́ ọ?

Ẹ̀gbọ́n_Tours

Ẹ fa àga jókòó o, kò kúrú.

Kí wọ́n tó kọ́ ilé tó wà níbẹ̀ báyìí, odi ológun ló wà lórí ilẹ̀ yẹn, Colombiers sì ni wọ́n ń pe àdúgbò náà nígbà yẹn. Wọ́n ní ibẹ̀ ni Henry Kejì ọba Gẹ̀ẹ́sì ti wá gbà níwájú Philippe Auguste ọba Faransé pé ọwọ́ òun ò ká a mọ́, ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1189 nìyẹn. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ 6 ó ti kú sí Chinon, kò jìnnà síbẹ̀. Gbogbo odi yẹn ti lọ, ilé ìṣọ́ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, ẹ máa rí i ní igun kan lára ilé, ó yàtọ̀ sí ìyókù, òun ni wọ́n máa ń gùn láti wo ọgbà láti òkè.

Jean Le Breton ló kọ́ ilé tuntun níbẹ̀, nǹkan bíi 1532 nìyẹn. Ìránṣẹ́ ọba François Kìíní ni, ọ̀rọ̀ owó ìjọba wà lábẹ́ ẹ̀, òun náà ló sì ń bójú tó iṣẹ́ kíkọ́ ààfin Chambord fún ọba, ẹni tó ti bójú tó Chambord kẹ̀, kí ló tún kù tí kò mọ̀ nínú ilé kíkọ́. Wọ́n ti rán an lọ sí Ítálì rí, ó ti rí ọgbà tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ó wó odi àtijọ́, ó dá ilé ìṣọ́ sí, ó kọ́ ilé funfun olókè pẹ̀lú wíńdò gbàgàdàgbagada sí apá mẹ́ta àgbàlá, ó fi apá kẹrin sílẹ̀ kó máa kọjú sí àfonífojì, ó wá gbẹ́ yàrà omi yí i ká. Nínú àwọn ilé ńlá ìgbà náà tí wọ́n kọ́ sí ẹ̀bá odò Loire, Villandry ló kẹ́yìn. Ní 1754 ó bọ́ sọ́wọ́ markí de Castellane, ọlọ́lá láti ìhà gúúsù, òun ló kọ́ ilé ẹṣin àtàwọn ilé tó wà níwájú, ó tún inú ilé ṣe bí àwọn ọlọ́lá ìgbà tiẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ. Ogun ìdìtẹ̀ ní Faransé dé, ìjọba gba ilé náà, Napoleon gbé e fún Jérôme àbúrò ẹ̀ fúngbà díẹ̀. Èyí ò gùn.

Ibi tó dùn jù nínú ìtàn yìí ni pé ọgbà tí Mọ́mì rí nínú fọ́tò yẹn, kò tíì pé ọdún 120 o. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe nígbà Le Breton, láàárín ọdún 1800 sí 1900 ni wọ́n fà á tu pátápátá, wọ́n sọ ibẹ̀ di páàkì bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, koríko gbalasa pẹ̀lú igi ńláńlá, torí ìyẹn ló wà lóde nígbà yẹn. Ní 1906 ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Joachim Carvallo ra ilé náà, ọmọ Sípéènì ni, wọ́n bí i ní 1869, dókítà tó ń ṣe ìwádìí sáyẹ́ǹsì lọ́dọ̀ Charles Richet ní Paris. Richet yìí náà ló gba Nobel ní 1913. Ẹnu iṣẹ́ yẹn ni Carvallo ti pàdé Ann Coleman, ọmọ Amẹ́ríkà, òun náà ń kọ́ sáyẹ́ǹsì, ilé oníṣẹ́ irin ní Pennsylvania ló ti wá, owó wà nílé wọn. Kí á má fi bò, owó obìnrin yìí ló gbé iṣẹ́ náà ró, àmọ́ orúkọ ọkọ ni gbogbo èèyàn ń pè.

Ìgbà tí wọ́n rà á, wọ́n ti fẹ́ wó ilé náà. Tọkọtaya yìí wá fi sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ o. Carvallo ń walẹ̀ wo ibi tí ògiri àtijọ́ gbà, ibi tí páìpù omi gbà lábẹ́ ilẹ̀, ó ń wo àwòrán tí Androuet du Cerceau yà nípa ọgbà àwọn ilé ńlá láti bíi 1570 lọ sókè, ó ń ka bí àwọn mọ́ǹkì ṣe ń ṣe ọgbà ẹ̀fọ́ tiwọn. Láti 1908 títí dé 1918 ni iṣẹ́ yẹn gbà. Lẹ́yìn náà ó ṣí i sílẹ̀ fáráyé, nígbà tó sì di 1924 ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, La Demeure Historique, fún àwọn tó ni irú ilé bẹ́ẹ̀ káàkiri Faransé kí wọ́n lè máa ran ara wọn lọ́wọ́, ẹgbẹ́ náà ṣì wà. Ó kú ní 1936. Àtọmọdọ́mọ ẹ̀ ló ń darí ibẹ̀ títí dòní.

Láńre_ÒSùn

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń sọ pé fàyàwọ́ ni ọgbà yìí? Wọ́n ní ọdún 1500-nǹkan-nǹkan, ẹ wá ń sọ pé ìgbà bàbá ńlá mi ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é. Ayédèrú nìyẹn ná.

Alágbàṣe_Kent

Láńre, iṣẹ́ ọgbà ni mò ń ṣe jẹun níbí yìí, jẹ́ kí n dá ẹ lóhùn. Òkúta ló lè wà níbẹ̀ fún 500 ọdún láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ewé ńkọ́? Ẹ fi fláwà sílẹ̀ lọ́dún méjì péré láìgé e, ẹ ò ní mọ̀ pé bátánì kankan wà níbẹ̀ rí. Ẹ̀fọ́ tó wà nílẹ̀ ní Villandry lónìí, kò sí ìkankan nínú ẹ̀ tó pé ọdún kan. Ju 100,000 lọ ni igi òdòdó àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń gbìn lọ́dún kan, ìdajì ẹ̀ ilé gíláàsì tiwọn ni wọ́n ti ń hù ú. Tí Carvallo bá fi ojú ilẹ̀ àtijọ́ àti àwòrán ìgbà náà tún un ṣe, ẹ̀wẹ̀, iṣẹ́ gidi nìyẹn lójú tèmi. Ohun tí mi ò ní gbà ni kí ẹnì kan sọ fún àlejò pé bó ṣe wà láti 1532 nìyí, àwọn amọ̀nà kan sì máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ yìí, nǹkan tí à ń lọ wò níbẹ̀ yàtọ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń yí ẹ̀fọ́ ká. Nǹkan bíi irú ẹ̀fọ́ 40 ni wọ́n ń gbìn, ìdílé mẹ́jọ ni wọ́n pín sí, kábéèjì àti àwọn ìbátan ẹ̀ ìdílé kan, tòmátò, ata àti ìgbá ìdílé kan, elégédé àti tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdílé tó bá wà lójú kan lọ́dún yìí kò ní padà síbẹ̀ kíákíá, ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń yí i, kí ilẹ̀ má bàa ṣá, kí kòkòrò tó ti mọ ojú ẹ̀fọ́ náà má bàa bá a níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyẹn nìkan kọ́ o, àwọ̀ tún gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ wá rò ó wò, kẹ́ ẹ máa ṣírò ìdílé ẹ̀fọ́, kẹ́ ẹ tún máa ṣírò àwọ̀, nínú ojú mẹ́sàn-án, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹnì kan á jókòó sórí pépà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó yanjú ẹ̀. Láti 2009 sì rèé, wọn ò fi kẹ́míkà sí i mọ́.

Igi tilleul wọn, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní linden, tún wà, ó lé ní 1,000, wọ́n tò wọ́n sí ìlà, ìgbà òtútù ni wọ́n ń gé gbogbo ẹ̀, iṣẹ́ oṣù mélòó kan gbáko ni fáwọn ológbà mélòó kan. Tẹ́ ẹ bá lọ ní oṣù kìíní ẹ máa bá wọn lórí àkàbà.

Ìyá_Ìbejì_Lewisham

Bàbá Kent, ẹ jọ̀ọ́, fláwà kúkúrú yẹn, kí lorúkọ ẹ̀? Mo ra irú ẹ̀ sí iwájú ilé mi, ó gbẹ lójijì, ewé ẹ̀ di àwọ̀ kọfí, òwú aláǹtakùn-aláǹtakùn kan wá bò ó.

Alágbàṣe_Kent

Buis ni mà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní box. Ẹ yẹ inú ẹ̀ wò dáadáa, ẹ máa rí ìdin aláwọ̀ ewé tó ní ìlà dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́, orí ẹ̀ dúdú. Òun ló jẹ ẹ́. Éṣíà ló ti wá, nǹkan bíi 2007 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Jámánì, ó ti gba gbogbo Yúróòpù báyìí. Àrùn kan tún wà, òun kì í ta òwú, ewé á kàn máa ní tóótòòtó, á wá já bọ́ sílẹ̀, ó fẹ́ràn ibi tí omi ń dúró sí lórí ewé. Tó bá jẹ́ pé iwájú ilé lásán ni, ẹ fà á tu kẹ́ ẹ gbin Ilex crenata dípò ẹ̀, ojú ẹ̀ jọra, ìdin yẹn ò sì ní ṣe é ní nǹkan kan. Àmọ́ ilé bíi Villandry tí gbogbo bátánì ẹ̀ jẹ́ buis, ẹ ò rí i pé ẹran ń bẹ lẹ́nu iná, ojoojúmọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ.

Kétu_Paris

Ẹ kú àpérò o. Ọmọ Kétu ni mí, Paris ni mo wà. Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ kábéèjì, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fíísà. Àbẹ̀kẹ́, fíísà Gẹ̀ẹ́sì ò gbé Mọ́mì wọ Faransé o! Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní fíísà Schengen lọ́tọ̀. Kí wọ́n ṣe é ní Nàìjíríà kí wọ́n tó kúrò nílé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dé Lọ́ńdọ̀nù kẹ́ ẹ tó máa wá a, torí àlejò tó kàn wá kí ọmọ ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n lè ní kó padà lọ ṣe é níbi tó ti wá. Èèyàn lè béèrè fún un tó bá ku oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ ìrìn àjò, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

Ti ọkọ̀, Eurostar máa já yín sí Gare du Nord. Tréènì Tours kì í gbéra níbẹ̀, Montparnasse ló ti ń gbéra. Mẹ́trò láìnì 4 lọ tààrà láti ọ̀kan dé èkejì, èmi nìkan bá ni màá wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n pẹ̀lú orúnkún Mọ́mì àti báàgì ẹ gba tasín jàre, àtẹ̀gùn abẹ́ ilẹ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rẹ́ àgbàlagbà. TGV, tréènì ayára wọn, á gbé yín dé ibùdókọ̀ Saint-Pierre-des-Corps ní nǹkan bíi wákàtí kan àti díẹ̀, àwọn kan lọ tààrà dé Tours, bí tiyín ò bá débẹ̀, tréènì kékeré máa ń gbé èèyàn láti ibẹ̀ wọ Tours láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má lérò pé ẹ lè lọ kẹ́ ẹ bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù lóòjọ́ o. Ó kéré tán ẹ sùn sí Tours lálẹ́ méjì.

Tó bá wá jẹ́ pé Paris lẹ fẹ́ jókòó sí, ẹ gbàgbé Villandry, ẹ lọ sí ilé ńlá Vaux-le-Vicomte, nǹkan bíi kìlómítà 55 ni sí Paris. Ọgbà tiẹ̀ kò ní ẹ̀fọ́, omi àti koríko àti ọ̀nà gbọọrọ ni, ibi tí André Le Nôtre, ẹni tó ń ya bátánì ọgbà, ti kọ́kọ́ fi agbára ẹ̀ hàn nìyẹn. Ìtàn ẹ̀ ló ń mú mi rẹ́rìn-ín. Nicolas Fouquet ló ni ín, ẹni tó ń bójú tó owó Louis Kẹrìnlá. Ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 1661 ó pe ọba wá ṣe àríyá, oúnjẹ, eré orí ìtàgé, iná lójú sánmà. Ọba wo ilé, ó wo ọgbà, ó rí i pé òun ò ní irú ẹ̀. Ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án, d'Artagnan, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ológun ọba, ti gbé Fouquet, kò tíì pé ogúnjọ́ o! Ẹ̀wọ̀n ló kú sí ní 1680. Ọba wá kó Le Nôtre, ó kó ẹni tó kọ́ ilé, ó kó ẹni tó ya àwòrán inú ilé, ó ní ẹ wá bá mi ṣe Versailles.

Láńre_ÒSùn

Ẹni tó ń ṣírò owó ọba ló wá lọ ṣe inawo ju ọba lọ, tó tún PE ọba wá wò ó. Ta ló gbà á nímọ̀ràn yẹn 😭 Ó dáa mo ti gbà, ẹ máa sọ̀rọ̀ lọ, ó ń wọ̀ mí lára.

Ìyá_Ìbejì_Lewisham

Mo padà dé. Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ orúnkún. Tíkẹ́ẹ̀tì oríṣi méjì ni wọ́n ń tà, ti ọgbà nìkan wà, ti ọgbà pẹ̀lú inú ilé wà. Inú ilé ló ní àtẹ̀gùn jù. Tí Mọ́mì ò bá lè gùn ún ẹ ra ti ọgbà nìkan fún wọn, ó dínwó, ẹ̀yin ra méjèèjì. Ọgbà náà kò sí lójú kan pẹrẹsẹ o, ìpele ìpele ni, ìsàlẹ̀ ni ẹ̀fọ́ wà, ọgbà òdòdó wà lókè ẹ̀, ibi adágún omi tún wà lókè ìyẹn lẹ́yìn. Ẹ má kánjú sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi ẹ̀fọ́ bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe. Ibi tó ga ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, torí ẹni tó dúró láàárín ẹ̀fọ́ kò lè rí bátánì ẹ̀, láti òkè ni wọ́n ti ṣe é pé kéèyàn máa wò ó. Ilẹ̀ ibẹ̀ òkúta wẹ́wẹ́ ni, kí Mọ́mì wọ kámúbáàsì, bàtà gogoro kọ́.

Ọgbà òdòdó yẹn náà, ìfẹ́ ni wọ́n fi fláwà kọ síbẹ̀, ojú mẹ́rin. Ọ̀kan ìfẹ́ jẹ́jẹ́, ọkàn ọkàn ni wọ́n gé, iná kékeré wà láàárín wọn. Ọ̀kan ìfẹ́ tó ń gbóná, ọkàn náà ni àmọ́ ó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó ń jó kiri. Ọ̀kan ìfẹ́ aláìdúró-sójú-kan, abẹ̀bẹ̀ wà níbẹ̀, lẹ́tà ìfẹ́ wà níbẹ̀, àti ìwo tó jẹ́ àmì ẹni tí olólùfẹ́ ẹ̀ ń dalẹ̀ ẹ̀, òdòdó yẹ́lò ni wọ́n máa ń fi sí i. Èyí tó gbẹ̀yìn, ọ̀bẹ àti idà ni, òdòdó pupa tó dúró fún ẹ̀jẹ̀. Ọkọ mi ní kí n dúró níbi jẹ́jẹ́ kí òun ya fọ́tò mi, mo ní rárá, ibi idà ni kó ti yà mí.

Láńre_ÒSùn

Ibi ìwo yẹn làwọn ọ̀rẹ́ mi kan ti gbọ́dọ̀ lọ ya fọ́tò.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Bordeaux

Mo ń kà bọ̀ láti òkè, ẹ ṣeun. Villandry yẹn, ààfin nìyẹn o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí èyí tó jẹ́ ilé abúlé gidi, tí ìdílé kan ṣì ń gbé inú ẹ̀, ẹ lọ Eyrignac ní Dordogne, lẹ́bàá Sarlat. Ìdílé kan náà ló ti ni ín láti nǹkan bíi 500 ọdún. Ilé ẹ̀ kò tóbi rárá, òkúta àwọ̀ oyin, ọgbà ẹ̀ ló ń ṣe èèyàn ní kàyéfì, ewé nìkan, òdòdó ò fi bẹ́ẹ̀ sí. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tó gùn tó mítà 100, ògiri ewé lọ́tùn-ún lósì, wọ́n gé e ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, igi mìíràn tí wọ́n gé bí òpó wá dúró sáàárín kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gé e, òkùn àti ọ̀pá ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Láńre, òun náà fàyàwọ́ ni o, torí ẹ̀yìn 1960 ni Gilles Sermadiras tó jogún ilé náà tún ọgbà ẹ̀ ṣe, òun náà ti di páàkì Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan rí. Àṣà páàkì Gẹ̀ẹ́sì yẹn jẹ ọgbà púpọ̀ nílẹ̀ Faransé.

Àmọ́ fún Àbẹ̀kẹ́, Dordogne ti jìn jù, ẹni tí kò bá wa mọ́tò ò lè débẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Tours

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Àbẹ̀kẹ́, ọjọ́ kejì tẹ́ ẹ bá sùn sọ́dọ̀ wa, ẹ mú Mọ́mì lọ sí Clos Lucé ní Amboise dípò kẹ́ ẹ tún lọ wo ààfin mìíràn. Ilé bíríkì pupa pẹ̀lú òkúta funfun ni, wọ́n kọ́ ọ ní 1471, ọba Charles Kẹjọ rà á ní 1490. Ibẹ̀ ni François Kìíní fi Leonardo da Vinci sí nígbà tó pè é wá láti Ítálì ní 1516, ibẹ̀ náà ló kú sí ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún 1519. Wọ́n ti kan àwọn ẹ̀rọ tó yà sínú ìwé ẹ̀, wọ́n tò wọ́n sínú ọgbà, ọmọdé lè yí i, àgbà náà lè yí i, igi ìbòòji pọ̀. Èèyàn á fẹ́ mú yín lọ sí ààfin Chenonceau, mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ, ọgbà méjì dojú kọra níbẹ̀, ọ̀kan ti Diane de Poitiers olólùfẹ́ ọba Henri Kejì, ọ̀kan ti Catherine ìyàwó ilé, ọba kú ní 1559 báyìí ni ìyàwó ilé ní kí àlè kó ẹrù ẹ̀ jáde, ó fi ilé ńlá mìíràn, Chaumont, dí i fún un. Ìtàn ẹ̀ dùn, àmọ́ èrò pọ̀ níbẹ̀ bí omi, ẹni tí orúnkún ń dùn ò ní gbádùn ẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá wá mú oṣù kẹsàn-án, ẹ yan òpin ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú ẹ̀. Ìgbà yẹn ni Villandry ń ṣe ọjọ́ ọgbà ẹ̀fọ́ tiwọn, àwọn ológbà fúnra wọn á dúró láàárín ẹ̀fọ́, wọ́n á máa dáhùn ìbéèrè àlejò. Ẹ dé láàárọ̀ kí bọ́ọ̀sì àwọn àlejò tó dé.

Àbẹ̀kẹ́_Ẹ̀gbá

Ẹ̀yin èèyàn yìí, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti pe Mọ́mì, mo ka gbogbo ẹ̀ fún wọn. Oṣù kẹsàn-án ló kù, wọ́n á sún ìrìn àjò wọn síwájú, àbúrò mi ń bá wọn wá ọjọ́ fíísà Schengen ní Èkó. Inú ìtàn yín, ti obìnrin Amẹ́ríkà yẹn ló wọ̀ wọ́n lára jù, wọ́n ní kí lorúkọ ẹ̀ tí ẹ ò fi dárúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n tún ní kí n bi yín: wọ́n gbin ẹ̀fọ́ tó tó bẹ́ẹ̀, ta ló ń jẹ ẹ́? Àti pé báwo ni wọ́n ṣe ń lé ìgbín?

Ẹ̀gbọ́n_Tours

Ann Coleman, mà. Ẹ bá mi kí Mọ́mì. Ìbéèrè méjèèjì yẹn, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ di ọjọ́ yẹn, ológbà ni wọ́n á bi lójúkojú, èmi á dúró síbẹ̀ máa túmọ̀ Faransé fún wọn. Ẹ fi nọ́ńbà tréènì yín ránṣẹ́ sí mi ní ínbọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ bá ti rà á, màá wá gbé yín ní sitéṣọ̀n.